Kọ̀ǹpútà mi kò tan dáadáa mọ́ lẹ́yìn tí mo yẹ àwọn driver wò, kí ni ṣíṣe?

Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti fi Driver Verifier (irinṣẹ́ Windows tó ń dán driver wò) yẹ driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, wò lórí Windows 10 ni laptop yín ti ń tan, tó ń kú. Ẹ fọkàn balẹ̀, Verifier kì í pa fáìlì rẹ́. Kí ẹ tó gbé e lọ fún àtúnṣe ní Under G, ẹ gbìyànjú èyí ná.

Ẹ tan án. Bí àmì Windows bá ti yọ, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ojú àtúnṣe yóò yọ fúnra rẹ̀. Ẹ gba Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, ẹ tẹ Restart, lẹ́yìn náà 4 fún Safe Mode, ìyẹn títan Windows pẹ̀lú kìkì ohun tó pọn dandan. Bó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti dísíìkì pa), inú àkáǹtì Microsoft yín ló sábà máa ń wà; ẹ lè fi fóònù wò ó.

Níbẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt (ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows) pẹ̀lú àṣẹ administrator, ẹ kọ verifier /reset, kí ẹ tún un tàn. Verifier fúnra rẹ̀ ló ń dá a dúró: bó bá ti ká driver kan mọ́ àṣìṣe, ṣe ló máa ń dá gbogbo kọ̀ǹpútà dúró. Bó bá jẹ́ pé driver tuntun ló fà á, ẹ lọ sí Device Manager, ẹ yan Roll Back Driver láti dá driver àtijọ́ padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi Windows tuntun sí i láìkọ́kọ́ kó iṣẹ́ yín síbòmíràn.