Mo fẹ́ mú màmá mi lọ sí Ballyvaughan ní Ireland: báwo ni kí n ṣe é?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, páṣípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ń lò. Màmá mi, ẹni ọdún 72, ń bọ̀ wá kí wa láti Abẹ́òkúta nínú oṣù karùn-ún, wọ́n sì ti gba físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ mú wọn lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Ballyvaughan ní ìwọ̀ oòrùn Ireland fún ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún ń dun màmá, èmi náà ò sì fẹ́ wa mọ́tò. Ṣé ó ṣe é ṣe? Kí ló wà níbẹ̀ tó yẹ ká rí?

ÌDÁHÙN: Ó ṣe é ṣe dáadáa. Ọ̀rọ̀ físà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ gan-an ni ìrìn àjò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dàrú. Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ màmá ò lè mú wọn wọ Ireland. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní páṣípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò nílò físà kankan, àmọ́ ẹni tó ń lo ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ti Ireland lọ́tọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, 60 yúrò sì ni fún ẹni tó máa wọlé lẹ́ẹ̀kan péré. Orílẹ̀-èdè téèyàn ń gbé ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nítorí náà, kí màmá ti kọ̀wé fún un láti Nàìjíríà kí wọ́n tó wọ bàálù. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì ó kéré tán ṣáájú.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ gba Belfast, ìlú tó wà ní àríwá Ireland lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọlé, pé kò sí ẹnubodè níbẹ̀. Òótọ́ ni pé kò sí géètì lójú títì, síbẹ̀ òfin físà ò yí padà, àwọn ọlọ́pàá Ireland a sì máa dá bọ́ọ̀sì dúró láti yẹ ìwé wò. Ẹ má gbé ìyá yín sínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Tí físà bá ti jáde, pápákọ̀ òfúrufú Shannon ni kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí. Dublin tí gbogbo èèyàn mọ̀ wà ní ìlà oòrùn, ó jìnnà. Láti Shannon, nǹkan bíi wákàtí kan ni mọ́tò máa lò dé Ballyvaughan.

Abúlé yẹn fúnra rẹ̀ kéré: èbúté kékeré létí omi Galway, ilé oúnjẹ mélòó kan, ṣọ́ọ̀bù. Ìrọ̀lẹ́ kan ti tó láti rí gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ṣe ibùsùn, torí ohun tẹ́ ẹ wá wò wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ olókùúta tí wọ́n ń pè ní Burren. Òkúta ẹfun ni, inú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ti dì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 330 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó yá, yìnyín ńlá ha iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ lọ, ó ku òkúta lásán. Ẹ ò ní retí pé nǹkan kan á hù níbẹ̀. Àmọ́ oṣù karùn-ún tẹ́ ẹ mú yẹn ni òdòdó ń bo àárín àwọn òkúta náà, títí kan òdòdó búlúù kan tí ibùgbé rẹ̀ jẹ́ orí òkè olótùútù, tó wá ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó jẹ́ ti ilẹ̀ gbígbóná. Ọgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ wà nínú rẹ̀. Níbi púpọ̀ ní Yúróòpù, ìgbà ooru ni wọ́n ń da màlúù gun òkè; ìgbà òtútù ni tiwọn, torí orí òkúta náà gbẹ, ó sì ń tọ́jú ooru. Àwọn màlúù á jẹ koríko líle tán, òdòdó á wá rí ìmọ́lẹ̀ nígbà tó bá yá. Màlúù tó ń ṣiṣẹ́ ọgbà, èmi ò rí irú ẹ̀ níbòmíràn.

Poulnabrone wà láàárín ilẹ̀ náà: ibojì olókùúta tó ti lé ní 5,000 ọdún. Nígbà tí wọ́n hú u lọ́dún 1986, egungun àgbàlagbà àtọmọdé tó ju 30 lọ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì jìnnà sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọmọ Abẹ́òkúta mọ orí àpáta rìn, àmọ́ ti ibí yìí kì í ṣe ti Olúmọ: ó tẹ́, ó sì kún fún kòtò tóóró tó lè gbé ẹsẹ̀ mì. Kí màmá mú ọ̀pá dání, kẹ́ ẹ sì má lọ tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Ihò àpáta Aillwee náà wà nítòsí. Darandaran kan, Jack McGann, ló rí i lọ́dún 1940 nígbà tó ń tẹ̀ lé ajá rẹ̀, kò sì sọ fún àwọn olùṣèwádìí ihò títí ó fi lé ní 30 ọdún. Inú rẹ̀ tutù ní gbogbo ìgbà, bíi 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ béèrè bí ilẹ̀ inú rẹ̀ ṣe rí kẹ́ ẹ tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Bèbè òkun Moher, ìyẹn àwọn àpáta gíga létí òkun, ni gbogbo ayé ń lọ wò, ibi tó ga jù níbẹ̀ sì jẹ́ 214 mítà. Ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ sí ìtòsí ilé tí wọ́n ti ń gba àwọn tó wá wò ó dára fún orúnkún. Àwọn bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò máa ń kún ibẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ yáa lọ láàárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin. Tí agara bá ti dá màmá, ẹ lọ jókòó létí òkun Fanore.

Ní ti mọ́tò, bọ́ọ̀sì 350 láti ìlú Galway ń gba Ballyvaughan kọjá lọ sí Lisdoonvarna, Doolin àti Moher. Kì í gba Poulnabrone. Ẹ ní kí onílé tẹ́ ẹ bá dé sí bá yín pe takisí fún ìdajì ọjọ́, kẹ́ ẹ fi lọ síbẹ̀ àti Aillwee lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gba yàrá ní kíá, pàápàá tó bá bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù karùn-ún, torí Mọ́ńdè rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé yàrá ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́, nítorí àtẹ̀gùn.