Kí Jésù jẹ́ Olúwa títí dé ìdí máṣíìnì

Àbúrò, o ní ò ń jí gbàdúrà laago márùn-ún àárọ̀, o kì í pa ìṣọ́ òru jẹ, àmọ́ bó o bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù báyìí, ó dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú kó o tó tún rántí Olúwa. O wá ń béèrè báwo lèèyàn ṣe ń fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ Jésù. Àwọn tó ti dá ọ lóhùn ní kó o fi ààwẹ̀ kún un. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ télọ̀ ni mí, ohun tí ojú mi sì ti rí nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ẹnu ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò.

Ẹni tó bá ti gbé aṣọ fún télọ̀ rí mọ irọ́ wa. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fẹ́ràn Ọlọ́run, akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ òfin àkọ́kọ́ tó fi kọ́ wa ni pé a kì í dá aṣọ padà. Ṣáà gbà á. Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ jù, yáa ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, gé apá kan, torí aṣọ tá a bá ti gé, oníbàárà ò lè kó o lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì mọ́. Tó bá béèrè ìgbà tó máa wá gbà á, dá ọjọ́ fún un. Tọ́jọ́ bá pé, sọ pé ó ku bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì kẹ̀, nígbà tá ò tíì so apá!

Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé orúkọ Ọlọ́run la fi ń bò ó. "Lágbára Ọlọ́run, ẹ máa rí i ní Fúráídè." "Bí Olúwa bá fẹ́, ẹ padà wá lọ́la." Jákọ́bù sọ ọ́ lóòótọ́ ní orí kẹrin ìwé rẹ̀ pé ká máa sọ pé bí Olúwa bá fẹ́, torí a ò mọ ohun tí ọ̀la máa mú wá. Àmọ́ télọ̀ mọ ti Fúráídè yẹn dáadáa. Ó mọ̀ pé aṣọ bíi ogún ló wà nílẹ̀ ṣáájú, pé iná ò dúró, pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ti lọ sílé. Ó mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe, ó wá dì í ru Olúwa.

Ìgbà tí mo gbòmìnira tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Jésù inú Lúùkù 6:46 ò jẹ́ kí n sinmi: "Èé ti ṣe tí ẹ̀yin ń pè mí ní Olúwa, Olúwa, tí ẹ kò sì ṣe ohun tí mo wí?" Mo pinnu pé mi ò ní dá ọjọ́ tí kò dá mi lójú fún ẹnikẹ́ni, pé aṣọ tí mi ò bá ní lè rán, màá dá a padà láìgé.

Kò rọrùn o. Dìsẹ́ńbà tó tẹ̀ lé e, ìdílé kan kó aṣọ ẹbí wá, owó ìdajì wà lọ́wọ́ wọn. Mo ka iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, mo ní kò ní lè bọ́ sí i. Wọ́n kó o sọdá sí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi, ibẹ̀ gbà á. Owó ilé sì ti fẹ́ pé. Ìyàwó mi ò bínú, ó kàn bi mí pé ṣé Olúwa náà ló máa bá wa san án. Ìbéèrè gidi ni, mi ò rí èsì fún un. Owó àjọ la fi san án, wọ́n bá wa gbé e síwájú kó tó kàn wá. Mi ò ní jẹ́rìí èké pé oníbàárà tó ju tàtẹ̀yìnwá lọ ló ya dé lẹ́yìn náà. Wọn ò dé.

Àmọ́ ohun tó ò ń wá gan-an ṣẹlẹ̀: mi ò ráyè gbàgbé Olúwa lọ́sàn-án mọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá tẹ́ aṣọ sórí tábìlì tó ní "ìgbà wo ni kí n wá?", mo gbọ́dọ̀ dákẹ́ ná, kí n wo ohun tó wà nílẹ̀, kí n rántí ẹni tí mò ń pè ní Olúwa, kí n tó la ẹnu. Lójúmọ́ tí ọjà bá yá, ìdákẹ́ yẹn á ju iye ìgbà tí mò ń kúnlẹ̀ lọ.

Pọ́ọ̀lù náà fọwọ́ ṣiṣẹ́. Ìṣe orí 18 sọ pé òun, Ákúílà àti Pírísílà jọ ń pàgọ́ ní Kọ́ríńtì. Àwọn ará Kọ́ríńtì yìí kan náà ló wá ń ṣàlàyé fún lẹ́yìn náà ìdí tóun ò fi wá bóun ṣe pinnu. Ka orí kìíní ìwé kejì tó kọ sí wọn, wàá rí bó ṣe ká a lára tó. Kò ní ọ̀rọ̀ ìrìn àjò lásán ni. Ó ní ọ̀rọ̀ òun sí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì mẹ́nu kan Ọmọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀.

Ibi tó ṣì ń le fún mi ni ti ẹbí. Kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé léèsì wá ní Tọ́sìdeè fún ìnáwó Sátidé, kí n sì dọ̀bálẹ̀ sọ fún un pé kò ní ṣeé ṣe. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ mí di aláfojúdi.

Mi ò mọ ohun tí ò ń tà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tó o máa ń sọ fún oníbàárà lójoojúmọ́, tó o sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ fún Jésù, kó tó kan ti ààwẹ̀. Tó o bá ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, wá sọ fún wa bí ọjà ṣe rí, kó o sì sọ ti owó tó bá sọ nù pẹ̀lú.