Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Pípèsè katakata àtijọ́ fún ìdíje ẹrù fífà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo ní katakata Massey Ferguson 135 kan tí bàbá mi fi ṣiṣẹ́ oko fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi í lé mi lọ́wọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tí àwọn náà ní katakata àtijọ́ ti wo fídíò ìdíje tí wọ́n ti ń fi katakata wọ́ ẹrù nílẹ̀ òkèèrè, a sì fẹ́ dán irú rẹ̀ wò láàárín ara wa ní pápá kan lẹ́yìn ìlú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iṣẹ́ oko bá ti dínkù. Mẹkáníìkì mi ní kí n jẹ́ kí òun ṣí pọ́ńpù dísù sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè lágbára sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n so ṣéènì mọ́ apá òkè lẹ́yìn katakata, nítorí pé ìyẹn ni yóò tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Èwo ni kí n ṣe? — Ọmọ Àgbẹ̀, Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá. Nínú ìmọ̀ràn méjèèjì tí wọ́n fún yín, ẹ má ṣe gba ẹyọ kan. Ti pọ́ńpù yóò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ti ṣéènì sì lè gba ẹ̀mí awakọ̀, nítorí náà ti ṣéènì ni a ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò.

Bí katakata bá ń fa ẹrù, ẹrù náà ń yọ ìwúwo kúrò lórí táyà iwájú, ó sì ń kó o sórí táyà ẹ̀yìn. Bí ibi tí a so ẹrù mọ́ bá ṣe ga sí ilẹ̀ tó ni ìwúwo tí yóò kúrò níwájú yóò ṣe pọ̀ tó. Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́, torí táyà ẹ̀yìn yóò tẹ ilẹ̀ dáadáa lóòótọ́. Ohun tí kò sọ fún yín ni ibi tí ìwúwo náà ti ń wá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn Massey Ferguson 135 jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.83. Bí ẹrù bá ń fa katakata sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo 1,000 kílò, tí ìkọ́ sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí ilẹ̀, nǹkan bíi 270 kílò ni yóò kúrò lórí táyà iwájú. Bí ẹ bá gbé ìkọ́ kan náà dé sẹ̀ǹtímítà 90, yóò di nǹkan bíi 490 kílò. Katakata tí kò wúwo ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀, tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo rẹ̀ sì wà lẹ́yìn, kò ní ohun tó tó bẹ́ẹ̀ níwájú tí ó lè fi tọrẹ. Iwájú yóò gbéra nílẹ̀, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, kì í tó ìṣẹ́jú àáyá méjì kí katakata tó dojú dé lé awakọ̀ lórí. Ẹsẹ̀ kì í tètè dé orí kílọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò bi yín pé ṣebí apá òkè yẹn náà ni a ń so irin ìtúlẹ̀ mọ́, kí ló dé tí kò dojú katakata dé lóko? Apá mẹ́ta ẹ̀yìn katakata yìí, tí Harry Ferguson gbé jáde, wà fún ohun èlò tí ó so mọ́ apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí irin ìtúlẹ̀ bá wà nínú ilẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń dí i lọ́nà, apá òkè náà ń ti katakata síwájú ni, ìtì yẹn sì ń bá wa tẹ iwájú mọ́lẹ̀. Ṣéènì lásán kò lè ti ohunkóhun. Fífà nìkan ni ó mọ̀.

Nítorí náà, ẹ so ẹrù mọ́ ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje katakata àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí ìkọ́ ga ju íńsì 20 lọ sí ilẹ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51, wọ́n sì fẹ́ kí ìkọ́ náà jìnnà tó íńsì 18 ó kéré tán sí àárín táyà ẹ̀yìn. Ẹ gba òfin méjèèjì bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì wọn ìkọ́ katakata olúkúlùkù kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rọ afẹ́fẹ́ sí táyà tán, nítorí pé táyà tó bá lé sí i yóò gbé ìkọ́ sókè. Irin ìfà tó wà lábẹ́ ikùn katakata ni ó dára jù. Ẹ fi pín-ìn dè é sí àárín gbọnin kí ó má lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Irin onihò tí àwọn àgbẹ̀ wa máa ń ki sáàárín apá ìsàlẹ̀ méjèèjì láti fi fa tírélà kò tó fún iṣẹ́ yìí bí kò bá ní ọ̀pá tó dì í mú, torí pé apá tó ń gbé e lè dìde nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kí ìkọ́ tí ẹ wọ̀n ní íńsì 20 sì di 30 lójú ọ̀nà.

Ó ku ti pọ́ńpù. Ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta tó wà nínú katakata yín, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà 2.5, ní agbára ẹṣin bíi 45 nígbà tí ó wà ní tuntun. Bí mẹkáníìkì bá ṣí pọ́ńpù kọjá ìwọ̀n, dísù tí yóò rọ sínú yóò ju afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà lọ. Èyí tí kò rí afẹ́fẹ́ jó ni ẹ ó rí bí èéfín dúdú. Ooru yóò pọ̀ nínú sílíńdà, dísù tó ṣẹ́kù yóò sì máa ṣàn sínú ọ́ìlì, kí ọ́ìlì náà má lè gba irin lọ́wọ́ irin mọ́. Àwọn mẹkáníìkì wa kan ka èéfín dúdú sí ẹ̀rí agbára, bẹ́ẹ̀ owó dísù yín ni ó ń fò lọ yẹn. Bí ó bá ní òun yóò tún mú kí ẹ́ńjìnnì sáré kọjá ibi tí ilé iṣẹ́ fi í sí, ẹ kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé irin róbótó ńlá tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì àti kílọ́ọ̀ṣì tó ti gbó lè fọ́, ẹsẹ̀ awakọ̀ sì ni ìfọ́kù náà yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Agbára tí katakata ti pàdánù láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ni kí ẹ wá padà, ó sì máa ń pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi géèjì wọn ìfúnpọ̀ inú sílíńdà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ púpọ̀ sí àwọn yòókù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ kó àwọn nọ́sùlù tó ń fọ́n dísù sínú sílíńdà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán wọn wò, kì í ṣe ẹni tí yóò kàn fi wáyà họ ojú wọn. Ẹ tún àlàfo fáàfù ṣe gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀rọ náà ti wí, kí ẹ sì pààrọ̀ fíltà dísù. Fíltà afẹ́fẹ́ katakata yìí tó jẹ́ irú èyí tó ní abọ́ ọ́ìlì nísàlẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí jù lọ: eruku ilẹ̀ pupa wa àti ti ọyẹ́ máa ń di ẹrẹ̀ nínú abọ́ yẹn, ẹ́ńjìnnì tí kò sì lè mí kò lè fa ohunkóhun. Ẹ wo ìdí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Bí ọ́ìlì bá ń jò sórí kílọ́ọ̀ṣì, gbogbo ohun tí ẹ ṣe lókè yóò já sí asán, nítorí kílọ́ọ̀ṣì yóò máa yọ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, agbára ẹ́ńjìnnì kọ́ ni yóò yàn olúborí láàárín yín. Ẹ́ńjìnnì ńlá lórí táyà tí kò mú ilẹ̀ dà bí ọkùnrin alágbára tó wọ sálúbàtà tó ti jẹ tán, tí ó ń ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ibi tí ẹ fi ìwúwo sí àti bí táyà ṣe mú ilẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ẹni tó kọ ìwé kejì sì ti bi wá lórí ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo gbọ́ pé wọ́n máa ń rọ omi sínú táyà katakata kí ó lè wúwo. Ṣé ó dára, àbí kí n di yanrìn sínú àpò kí n gbé e sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì? — Olóko Ọ̀gẹ̀dẹ̀, Ọ̀nà Ìlobùú.

ÌDÁHÙN: Omi dára, kò sì wọ́n. Ẹ gbé táyà náà sókè, kí ẹ yí i títí ẹnu túùbù tí a ń rọ afẹ́fẹ́ sí yóò fi wà lókè pátápátá, kí fọkanáísà sì rọ omi sínú rẹ̀ títí yóò fi dé ẹnu náà. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, afẹ́fẹ́ ni yóò gba èyí tó kù. Táyà ẹ̀yìn tí wọ́n kọ 12.4-28 sí lára máa ń gba nǹkan bíi lítà 150, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan, nítorí náà méjèèjì yóò fi nǹkan bíi 300 kílò kún un. Ní ilẹ̀ òtútù, wọ́n máa ń po iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní calcium chloride mọ́ omi náà kí ó má baà di yìnyín. Ẹ má ṣe fara wé wọn. Omi kì í dì ní Òṣogbo, iyọ̀ náà sì máa ń jẹ rímù.

Àléébù omi ni pé kò ṣeé gbé kiri. Nínú ìdíje, ìwọ̀n katakata pẹ̀lú awakọ̀ lórí rẹ̀ ni a fi ń pín àwọn olùdíje sí ọ̀wọ́, ẹni tí omi bá sì ti mú kọjá ìwọ̀n ọ̀wọ́ rẹ̀ yóò ní láti tú u dànù. Fún ìdí èyí, irin ni mo fara mọ́ jù fún iwájú, níbi tí ìṣirò òkè yẹn ti fi hàn pé a nílò ìwúwo. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe ìjókòó irin tí ẹ ó fi bóòtù dè mọ́ iwájú katakata, kí ẹ sì to irin pẹlẹbẹ sí i ní ẹyọ ẹyọ, kí ẹ lè yọ ọ̀kan tàbí kí ẹ fi ọ̀kan kún un. Ti àpò yanrìn, ẹ gbàgbé rẹ̀. Yóò yẹ̀, yóò sì bẹ́ nígbà tí katakata bá ń gbọ̀n.

Ẹ mú kí afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn méjèèjì dọ́gba pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ katakata yóò máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí afẹ́fẹ́ bá dínkù díẹ̀, ojú táyà yóò tẹ́ sílẹ̀, yóò sì mú ilẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni lọ sísàlẹ̀ ju 12 lọ lórí géèjì fọkanáísà, torí rímù lè máa yí nínú táyà kí ó sì fa ẹnu túùbù já. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà kan tó kọjá láti ara táyà dé ara rímù. Bí ìlà náà bá ti pín sí méjì lẹ́yìn ìfà kan, ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni a ó fà gan-an? Ẹ̀rọ tó wà nínú fídíò kò sí lọ́dọ̀ wa. — Ọmọ Àgbẹ̀ kan náà.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rọ yẹn ní àpótí ìwúwo tó máa ń rìn síwájú bí katakata ti ń fà á lọ, láti orí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ sórí pátákó irin tó ń wọ́lẹ̀ níwájú, nítorí náà ó ń le sí i ní gbogbo ìṣísẹ̀ títí katakata yóò fi dúró. Ẹni tó bá fà á dé ẹsẹ̀ bàtà 300, ìyẹn nǹkan bíi mítà 91, ni wọ́n ń sọ pé ó fà á délé. Kí irú ẹ̀rọ yìí tó dé, àwọn ènìyàn ni wọ́n máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ń gun orí ẹrù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kọjá. Ẹ má ṣe ìyẹn o. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà tẹ etí irin pẹlẹbẹ nípọn kan sókè níwájú, kí ẹ to búlọ́ọ̀kù kọnkéré lé e, kí ẹ sì dè wọ́n. Bí gbogbo katakata bá fà á délé, ẹ fi búlọ́ọ̀kù kún un kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ pupa wa dára fún un bí ẹ bá ṣa òkúta kúrò, tí ẹ sì wọ́n omi sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ilẹ̀ gbígbẹ yóò fọ́ di eruku lábẹ́ táyà, èyí tó tutù jù yóò sì yọ̀. Ẹ tún ojú ọ̀nà ṣe lẹ́yìn olùdíje kọ̀ọ̀kan, kí ẹni ìkẹyìn má baà bá kòtò àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin wà lára àwọn tó fẹ́ wa katakata nínú eré yìí. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn kí n tó jẹ́ kí ó lọ? — Ìyá Awakọ̀, Ayétòrò.

ÌDÁHÙN: Ẹ béèrè bóyá katakata náà ní férémù irin tó dúró lẹ́yìn àga, tó ga ju orí awakọ̀ lọ, tó sì lágbára láti gba katakata dúró bí ó bá dojú dé. Bí ó bá ní i, kí ọmọ yín de bẹ́líìtì. Bí kò bá ní i, kí ó má ṣe fà, nítorí pé bẹ́líìtì láìsí férémù yóò so ó mọ́ abẹ́ katakata ni. Ẹ béèrè bóyá okùn kan wà tí ẹni tó wà lẹ́yìn lè fà láti pa ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ tí wọ́n ń fà kí dísù dúró wà lára katakata wọ̀nyí tẹ́lẹ̀, okùn nìkan ni wọn yóò so mọ́ ọn. Ẹ ní kí wọ́n lo ṣéènì tó nípọn, kì í ṣe okùn ọ̀rá, torí okùn ọ̀rá máa ń nà kí ó tó já, ó sì máa ń padà wá bí pàṣán.

Ẹ sọ fún un pé kí ó rọra na ṣéènì tán kí ó tó tẹná, kí ó má ṣe já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì, kí ó má sì lo gíà tó kéré jù, nítorí pé gíà yẹn ló ń gbé iwájú dìde jù. Bí táyà iwájú bá fúyẹ́, ìdarí ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, bíréèkì ọ̀tún àti ti òsì ni yóò fi máa tọ́ ọ. Kí ó tú irin tó so ẹsẹ̀ bíréèkì méjèèjì pọ̀ kí ó tó fà, kí ó sì so ó padà kí ó tó wọ títì. Kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni lórí mádígáàdì, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ tó ń ya fídíò, kí àwọn òǹwòran sì dúró sí ẹ̀gbẹ́, jìnnà sí ṣéènì ju bí ṣéènì náà ti gùn tó lọ ní ìlọ́po mélòó kan, láìsí ẹni kankan ní ọ̀gangan iwájú tàbí ẹ̀yìn.