Ìbéèrè: Ààfáà, ṣé òótọ́ ni pé ẹkún mi ń jó àbúrò mi nínú sàréè?

ÌBÉÈRÈ: Asalamu alaekun Ààfáà wa. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, ẹja ni mò ń tà lọ́jà Olúwo. Àbúrò mi ọkùnrin ló lọ da àwọ̀n lójú ọ̀sà tó bómi lọ, a rí òkú ẹ̀ a sì sin ín. Ó ti lé lóṣù méjì báyìí, àmọ́ tí wọ́n bá ti ń já ẹja láàárọ̀ ṣe lomi á kàn máa bọ́ lójú mi. Àwọn kan ní ẹkún mi ń jó o ní sàréè, pé onígbàgbọ́ òdodo kì í sunkún. Àwọn ọmọ ẹ̀ náà máa ń ní kí n sọ ìtàn bàbá àwọn fáwọn lálẹ́, ẹnì kan tún ní ìtàn òkú ò bẹ́sìn mu, kí n máa fi àsìkò yẹn ṣe làìlàhà. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wa alaekumu salam, ẹ kú ará fẹ́ra kù ìyá wa, kí Ọlọ́hun foríjin in.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òkú fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú hadíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) tí Bukhari kó jọ pé Ànábì (ṣ.a.w) ka ẹni márùn-ún sí ṣàhíídì, ìyẹn ajẹ́rìíkú, ẹni tó bómi lọ wà níbẹ̀, ẹ sọ ìyẹn fẹ́ni tó ní ó ń jóná.

Ọ̀rọ̀ ẹkún wá kẹ̀. Ìbúráhímù ọmọ Ànábì kú ní kékeré, ojú Ànábì sì ń domi, Abdurrahman ọmọ Awf, sàábé ẹ̀, ní háà, ìwọ náà Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun? Ó ní àánú ni, ojú ń sunkún, ọkàn ń bàjẹ́, àmọ́ a ò ní sọ àfi ohun tí Olúwa wa yọ́nú sí. Ṣé onígbàgbọ́ kan wá wà tó ju ìyẹn lọ ni? Hadíìsì tó ní òkú ń jìyà torí ẹkún ará ilé ẹ̀ wà lóòótọ́ o, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ Àíṣà ìyá wa, ìyàwó Ànábì, ò gbà á bẹ́ẹ̀, ó ní Àlùkùránì ti sọ pé ẹlẹ́rù kan ò ní ru ẹrù ẹlòmíì, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ní ẹni tó pàṣẹ fáwọn èèyàn ẹ̀ pé kí wọ́n ké lé òun lórí ni wọ́n ń bá wí. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni ká máa gbára ẹni létí, ká ya aṣọ, ká máa bi Ọlọ́hun pé kí la ṣe fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ gbọ́ pé ó wà fún ọ̀fọ̀ àbúrò (ìyàwó ẹ̀ ní tiẹ̀, oṣù mẹ́rin ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ bá mi rán an létí), ti ká má ṣe ẹ̀ṣọ́ sára nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò fi ọjọ́ sí ti ọkàn. Ànábì Yàkúbù sunkún Yúsúfù títí ojú ẹ̀ fi funfun, àwọn ọmọ ẹ̀ ní bàbá ẹ máa pa ara yín o, ó ní Ọlọ́hun lòun ń ro ẹjọ́ ìbànújẹ́ òun fún. Ọlọ́hun ò bá a wí.

Ẹ sì wò ó, inú ìtàn la ti mọ̀ yẹn. Ọlọ́hun ì bá kàn sọ fún Ànábì ní Mákà pé ṣe sùúrù kó tán síbẹ̀, àmọ́ ó gbé Súrátù Yúsúfù kalẹ̀, kànga, oko ẹrú, ẹ̀wọ̀n, ìyàn, ó ní èyí ló dáa jù nínú ìtàn, ó tún sọ nínú Súrátù Húdù pé òun ń fi ìtàn àwọn òjíṣẹ́ mú ọkàn ẹ̀ dúró ṣinṣin. Ẹni tíyà ń jẹ, tẹ́ ẹ bá ń ṣàlàyé fún un kì í gbọ́, mo ti rí i nílé ọ̀fọ̀ àìmọye ìgbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ máa rí i tó gbórí sókè.

Ànábì gan-an ò yéé sọ̀rọ̀ Kèdíjà ìyàwó ẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó kú, tó bá pa àgùntàn á fi ẹran ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, títí Àíṣà fi ń jowú òkú. Torí náà ẹ sọ ìtàn bàbá wọn fún wọn, ẹ ṣáà má purọ́ mọ́ ọn, ẹ má sọ ọ́ di wòlíì, kùdìẹ̀-kudiẹ ẹ̀ náà ẹ má mẹ́nu bà á. Tẹ́ ẹ bá parí kí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ ṣe làìlàhà, ta ló ní méjèèjì ò lè wà lálẹ́ ọjọ́ kan náà?

Ẹ tún bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń dẹ àwọ̀n bóyá ó jẹ ẹnikẹ́ni lówó, torí gbèsè lẹ máa kọ́kọ́ san kẹ́ ẹ tó pín ohunkóhun.