Ọmọ Arsenal láàrin àwọn onílé ní Gallowgate

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Newcastle la ti ń gbé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Arsenal sì ni ayé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kó o ràn án. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì tó wà fún gbogbo eré ọdún, tí wọ́n ń pè ní tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún, ní St James' Park, pápá Newcastle, èyí tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń lò. Wọn ò ní í sí nílé ní ọ̀sẹ̀ tí Arsenal ń bọ̀ wá gbá, ló bá ní kí èmi àti ọmọ mi lọ jókòó síbẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Inú ọmọ dùn débi pé kò sùn.

Mo wá bi ọ̀gbẹ́ni yìí pé apá ibo ni ìjókòó wà. Ó ní Gallowgate End, àárín àwọn alátìlẹyìn Newcastle gan-an, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ sọ fún un kó má wọ pupa o." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sọ fún ọmọ pé jẹ́sí kò bá wa lọ, àti pé bí Arsenal bá jẹ góòlù, kó pa ẹnu mọ́. Ó wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má ṣe díbọ́n bí ẹlòmíì torí káwọn èèyàn lè fẹ́ràn mi."

Mi ò rí èsì fọ̀. Lórí orúkọ rẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un, nígbà tó fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ òyìnbó pe òun ní kíláàsì. Ṣé wọ́n lè lé wa jáde lóòótọ́ bí wọ́n bá mọ̀ pé ọmọ Arsenal ni? Ṣé kí n mú un lọ? Kí ni kí n sì sọ fún un?

Èsì

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè lé yín jáde. Kì í ṣe ìjọba ló ṣòfin pé kí àlejò, ìyẹn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ tó wá gbá, má jókòó sáàrin onílé, àwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ tó ni pápá. Òfin kíláàbù ni, ó wà nínú àdéhùn tí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́wọ́ gbà, bó kà á, bí kò kà á. Àwọn òṣìṣẹ́ pápá, àwọn tó ń wọ ẹ̀wù àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, lágbára láti ní kí ẹ dìde kí ẹ máa lọ. Nígbà mìíràn, bí àyè bá wà, wọ́n a mú èèyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn àlejò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé ìyẹn. Òkè téńté, ní ìpele keje, ni wọ́n ń kó àlejò sí ní St James' Park. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ń mú eékún wárìrì. Ta ló fẹ́ sìn yín gòkè yẹn nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Ó ti pé mẹ́rìndínlógún báyìí, ó ga jù mí lọ. Pápá kan lápá àríwá ni, mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì àlejò ti tán, mo bá ra ti onílé, mo sì rò pé mo gbọ́n. Mo wọ kóòtù dúdú. Ọmọ wọ jẹ́sí sábẹ́ súwẹ́tà, mo fa síìpù kóòtù rẹ̀ dé àgbọ̀n. Fún wákàtí kan ó lé a jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wá gba físà.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ sínú àwọ̀n, ọwọ́ mi ti wà lórí orúnkún rẹ̀. Kò pariwo. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju igbe ọmọ adìẹ lọ. Àmọ́ bí àlejò bá jẹ góòlù, gbogbo apá onílé á dákẹ́ lọ wáí, àfi igun kan lọ́ọ̀ọ́kán tó ń hó. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹnikẹ́ni kì í sọ fún èèyàn nípa rẹ̀ ṣáájú. Ohùn kékeré yẹn rìn jìnnà. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́.

Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin kan ní ìlà kẹta lẹ́yìn wa kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dìde, ó nàka sí wa, ó ń pe òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tó wá kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi létí, ó ní kí n má bínú, òun ní láti mú wa jáde, torí ààbò wa ni. Mi ò jiyàn. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí wa, wọ́n ń kọrin ó dàbọ̀. Ọmọ mi juwọ́ padà. Mo rò pé ó gbà pé wọ́n ń kí òun ni, ọkàn mi sì bàjẹ́ ju bí wọ́n ṣe lé wa lọ.

Níta, a dúró lẹ́yìn ògiri, òtútù ń mú, ariwo ńlá kan tún sọ nínú. Ó ní, "Dádì, ta ló jẹ góòlù yẹn?" Mi ò lè sọ. Bí èèyàn bá ti wà lẹ́yìn ògiri, gbogbo ariwo ló jọra.

Ẹjọ́ mi ni, kì í ṣe tọmọ. Ohun tí èmi àgbà ò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni mo ní kí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe.

Ó yẹ kí ọmọ yín mọ ìdí tí wọ́n fi ń pín èèyàn, torí kò fẹ́ yé ẹni tí kò bá rí ìgbà yẹn. Láàrin ọdún 1970 sí 1989, àwọn ọ̀dọ́ a máa yọ́ wọ apá onílé kí wọ́n lè jà, kí wọ́n sì gba ibẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, bí ẹni ń gba ìlú. Wọ́n wá fi irin sé iwájú àwọn èrò mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1989, ní pápá Hillsborough ní Sheffield, èrò há mọ́ irin yẹn, èèyàn 97 ló bá a lọ. Kì í ṣe ìjà ló fà á. Ní 2016 ni ìwádìí ikú wọn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn alátìlẹyìn kò jẹ̀bi rárá. Lẹ́yìn àjálù 1989 yẹn ni irin kúrò. Ohun tó kù láàrin onílé àti àlejò lónìí ò ju ìlà ìjókòó mélòó kan tí wọ́n fi aṣọ bò, àwọn òṣìṣẹ́, àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí òfin 1994 fi sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn máa ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù láìgba àṣẹ kíláàbù. Tíkẹ́ẹ̀tì ni odi tó kù.

Èyí gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni yín, torí mo rò pé òun lẹ gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹrin 2022, Eintracht Frankfurt lọ bá Barcelona ní Camp Nou. Tíkẹ́ẹ̀tì 5,000 ni wọ́n yàn fún àwọn ará Jámánì, àmọ́ nǹkan bí 30,000 ló wà nínú pápá lálẹ́ ọjọ́ náà, aṣọ funfun gba ibi gbogbo. Frankfurt na Barcelona 3-2 nínú ilé ara wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ìjókòó yẹn ló jẹ́ ti àwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún, tí wọ́n tà á. Laporta, ààrẹ kíláàbù, ní ojú ti òun. Ọ̀gbẹ́ni yín kò ta tirẹ̀, inú rere ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìjókòó yẹn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin á lọ sílé, òun ni kíláàbù á pè, wọ́n sì lè gba tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Newcastle mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ jù mí lọ. Láti 1955 tí wọ́n ti gba ife FA, wọn ò tún rí ife ńlá gbà nílẹ̀ England títí di oṣù kẹta 2025 tí wọ́n na Liverpool 2-1 ní Wembley. Ẹni tó jókòó sórí àga yẹn ní gbogbo ọdún ọ̀dá, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó pàdánù rẹ̀ nítorí igbe ọmọ wa.

Gallowgate sì tún ni! Ìyá ọmọ, ojúbọ wọn nìyẹn. Ibẹ̀ ni ohùn wọn ti ń jáde. Ká ní apá àwọn ẹlẹ́bí ni ìjókòó náà wà, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń fún ọmọ ní súìtì, ohun tí mo máa sọ á yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ ló wù mí kí n dúró lé lórí. Ó gbọ́n. Ẹ yìn ín kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n orúkọ àti jẹ́sí kì í ṣe ẹgbẹ́. Orúkọ rẹ̀, kò sí ẹni tó lè ní kó bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Jẹ́sí, aṣọ ni, à ń bọ́ aṣọ. Bí a bá wọ ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, tí inú tiwa sì ń dùn, a kì í bú sẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó máa torí ìyẹn pè wá ní onírọ́. Pípa ẹnu mọ́ nínú ilé onílé kì í ṣe irọ́. Ohun tó máa jẹ́ irọ́ ni kẹ́ ẹ ra síkáàfù dúdú-àti-funfun ti Newcastle sí i lọ́rùn, kó máa bá wọn kọrin. Mo ti rí bàbá kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀; ojú ọmọ náà ò gbé e rárá. Ẹ má ṣe é. Kóòtù lásán ti tó.

Ohun mìíràn wà tẹ́ ẹ ò kọ, tí mo sì rò pé ó wà lábẹ́ ìbẹ̀rù yín. Dúdú ni wá. Ojú ti máa ń wà lára wa kí a tó yanu rárá, a sì ti ń sọ fún àwọn ọmọ wa ju bó ṣe yẹ lọ pé kí wọ́n rọra. Torí náà ẹ la ààlà yìí fún un kedere: góòlù Arsenal ni kó pa ẹnu mọ́ lé lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ohunkóhun nípa àwọ̀ rẹ̀ tàbí irun rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kó má sì pa ẹnu mọ́ rárá. Kó sọ fún yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀yin wo nọ́ńbà ìlà àti ìjókòó onítọ̀hún, kẹ́ ẹ sì pe òṣìṣẹ́. Òfin dè é. Níbẹ̀ yẹn, bí Arsenal ni, bí Newcastle ni, kò kàn yín.

Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní í mú un lọ sí Gallowgate lọ́jọ́ tí Arsenal bá wá. Mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn, mo sì máa bẹ̀ ẹ́ pé nígbà mìíràn tí òun àti ọmọ rẹ̀ ò bá lè lọ, tí Newcastle sì ń gbá pẹ̀lú ẹlòmíì, kó rántí wa, kó fi í ránṣẹ́ gba ọ̀nà tí kíláàbù là sílẹ̀. Ọmọ á rí pápá, á gbọ́ ariwo, á pariwo fún ẹni tó bá wù ú nínú ilé yẹn láìdíbọ́n.

Tí Arsenal gan-an ni kó rí, àwọn àlejò ní tiwọn: òfin líìgì ní kí wọ́n fún wọn ní 3,000, tàbí ìdá kan nínú mẹ́wàá bí pápá bá kéré, àgbà kì í sì í san ju £30 lọ láti 2016. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tó ti ń tẹ̀lé kíláàbù káàkiri ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún. Èyí tó yá jù ni eré àwọn obìnrin, níbi tí onílé àti àlejò sábà máa ń jókòó pọ̀, tí jẹ́sí méjèèjì ń jẹ nínú páálí kan náà. Tàbí kẹ́ ẹ lọ wo àwọn kíláàbù kéékèèké àdúgbò. Níbẹ̀, bí ìdájì eré bá parí, àwọn alátìlẹyìn á rìn gba ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n á lọ dúró sẹ́yìn àwọ̀n kejì, onílé ń kọjá lára àlejò, wọ́n ń fira wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ mi fẹ́ràn ìrìn yẹn ju bọ́ọ̀lù gan-an lọ.

Mo ka lẹ́tà yín fún un lálẹ́ àná. Mo bi í pé kí ló rántí nínú ọjọ́ tí wọ́n lé wa. Ó ní juwọ́ náà ni. Mo ní, "Ìgbà tí o rò pé wọ́n ń kí ọ." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, mo mọ̀ pé wọn ò kí mi. Mo kàn juwọ́ padà ni."