Èsì: Fífi pásíwọ́ọ̀dù dí fódà wẹ́ẹ̀bù lórí IBM i

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè ìdí tí pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi dí fódà wẹ́ẹ̀bù yín lórí IBM i (ètò tó ń darí ẹ̀rọ sáfà IBM) kò fi ṣiṣẹ́. Ìlà AuthUserFile tí ẹ kọ fún Apache (ètò tó ń pín ojú ewé wẹ́ẹ̀bù) ni kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, nítorí pé lórí IBM i, inú validation list (àkójọ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ náà ń tọ́jú) tàbí user profile (àkáǹtì orí ẹ̀rọ náà) ni Apache ti ń wo orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, kì í ṣe inú fáìlì tí ẹ fi irinṣẹ́ htpasswd ṣe.

Ẹ fi àṣẹ (command) CRTVLDL dá àkójọ náà sílẹ̀, kí ẹ sì gba ojú ewé ìṣàkóso tó wà ní pọ́ọ̀tì 2001 fi orúkọ àwọn oníbàárà yín kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwọ̀nyí sábẹ́ Directory ti fódà náà nínú fáìlì ètò Apache:

AuthType Basic
AuthName "Oníbàárà"
PasswdFile LÁÍBÍRÌ/ÀKÓJỌ
UserID %%SERVER%%
Require valid-user

Ẹ fi orúkọ láíbírì àti àkójọ tiyín rọ́pò tèmi. QTMHHTTP (àkáǹtì tí Apache fi ń ṣiṣẹ́) gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti ka àkójọ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀.

Èyí wà fún àwọn tí kò ní user profile lórí ẹ̀rọ yín. Bí wọ́n bá ní in, %%SYSTEM%% ni ẹ ó kọ lẹ́yìn PasswdFile, dípò orúkọ àkójọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dán an wò láìsí TLS (ìpàrokò https), nítorí Base64 lásán (ọ̀nà ìkọ tí ẹnikẹ́ni lè tú) ni Basic fi ń di pásíwọ́ọ̀dù, ẹni tó bá sì gbà á lójú ọ̀nà lè fi wọ inú ẹ̀rọ náà gan-an.