Bí Google Scholar Kò Bá Rí I, Ṣé Kò Sí Nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kábà ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo tẹ “aso ipo Kogi State” sínú Google Scholar, ibi tí Google ti ń wá ìwé àwọn onímọ̀, n kò rí ohun tó kan iṣẹ́ mi. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé kò tíì sẹ́ni tó ṣèwádìí lórí aṣọ ìpò, aṣọ pupa ìsìnkú àwọn Bùnú, àbí kí n sanwó fún ẹni tó ní òun yóò bá mi wá a?

Ìdáhùn: Òkun o. Má kọ ọ́, má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Google kan náà ni onítọ̀hún yóò tẹ̀, tàbí kí ó lọ bi ẹ̀rọ AI, èyí tó lè hun orúkọ ìwé tí kò sí láyé fún un.

Ìbéèrè yìí ti sú àwa òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, nítorí ẹ rò pé ohun tó wà lọ́kàn yín ni Google Scholar ń wá. Ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ ló ń fi wá inú ìwé kiri. Bí òǹkọ̀wé bá fi orúkọ mìíràn pe nǹkan náà, ó lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wo “Kogi” tí o fi kún un. Ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé nípa wa ṣáájú ìgbà náà, Kwara ni yóò pè wá; bó bá sì jẹ́ ti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, Kabba Province ni. Bùnú fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ń kọ “Abunu”, àwọn mìíràn “Abinu”, àwọn onímọ̀ èdè a sì máa kó Yàgbà, Owé, Ìjùmú àti gbogbo àwa Òkun yòókù pọ̀ sábẹ́ “Northeast Yoruba”. Yọ àmì ohùn kúrò, kí o tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú “cloth” tàbí “weaving”, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù.

Tẹ “Bunu cloth”, kí o wá orúkọ Elisha Renne, onímọ̀ tó tẹ odidi ìwé jáde lórí aṣọ Bùnú ní 1995. Ìwé tí o fẹ́ kọ pé kò sí nìyẹn! Tẹ “Cited by” lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó tọ́ka sí i lẹ́yìn náà yóò jáde. “All versions” sì lè gbé ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wá kí o tó ná kọ́bọ̀.

Àwọn mìíràn kò tíì dé orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá: fáìlì àwọn ajẹ́lẹ̀ Kabba Province wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Kàdúná, ẹsẹ̀ ni a fi ń lọ bá wọn.

Ìlànà ẹ̀ka yín ló borí tèmi o, nítorí náà fi ọ̀rọ̀ lọ ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá wá a títí tí kò sí, kọ ọ́ báyìí: “Nínú ibi tí mo wá dé, n kò rí i,” kí o wá kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ àti ọjọ́ tí o tẹ̀ wọ́n sí i.